Ẹ̀bẹ̀ Tí A Lọ Bẹ̀ ní Olúpọ̀nnà

Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìwó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu wọn fi bó. Wọ́n ní ìyàwó burúkú ni mí. Wọ́n ní èmi Lateefat aránṣọ ni mo wọlé, tí mo sì da ilé onílé rú. Kò burú. Ẹnu wọn ni, kí wọ́n máa fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá mi wọkọ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, kò sì sí èyí tó mọ bí ara ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún ṣe máa ń rùn. Ẹni tí kò bá mi débẹ̀, kó fi ọwọ́ bo ẹnu ná, kó gbọ́.

Múyìíwá ni orúkọ ọkọ mi. Bàbá Kaothar ni èmi ń pè é, nítorí ọmọ wa. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, Olúpọ̀nnà ló ti ń kọ́ wọn, ọ̀kadà rẹ̀ ló sì ń gùn lọ gùn bọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá ń jágbe mọ́ ọn nínú ilé, á ní, "Ìyá Kaothar, ó tó, mo ti jẹ̀bi," kódà bó jẹ́ pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Inú a máa bí mi sí i nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn ti kú, obìnrin náà nìkan ló tọ́ wọn, àwọn ọkùnrin méjì péré ló sì bí.

Abdulquadri ni àbúrò. Kò yẹ kí n máa pè é lórúkọ. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ọkọ ló jẹ́ sí mi, Ọkọ Kékeré ni mo sì ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo ti jáwọ́ nínú ìyẹn. Adigunjalè kì í ṣe ọkọ mi. Abdulquadri ni mo pè é, ẹni tó bá dùn kó wá mú mi.

Lásìkò kajú ló yá ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Ilé-Ogbó. Kò dé Ilé-Ogbó. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bojú, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ya wọ ilé Alhaji Gàníyù tó ń ra kajú ní Olúpọ̀nnà. Wọ́n kó owó rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ìbọn gbá a lójú. Ojú náà kò ríran mọ́ títí di òní. Nígbà tí aráàlú figbe ta, wọ́n gba inú igbó lọ, wọ́n fi ọ̀kadà sílẹ̀ sí ìdí ògiri. Ọmọdé Olúpọ̀nnà tó bá rí ọ̀kadà yẹn, á ní ti tíṣà àwọn ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Abdulquadri tó wálé. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn. Nígbà tó máa jáde, àpò ti wà léjìká rẹ̀. Ó kọjá lára mi níbi tí mo ti ń dáná, kò wojú mi. Kùtọnu ló forí lé. Ìyá rẹ̀ ló ní kó máa lọ, kó má sì pe ilé rárá títí ọ̀rọ̀ á fi tutù.

Ìyá wá pe ọkọ mi jáde. Ó ní, "Múyìíwá, dìde kí o lọ bẹ Alhaji kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọlọ́pàá. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀, kí o ní a ti jẹ̀bi. Àwọn àgbà á bá wa dá sí i. Ṣùgbọ́n má dárúkọ àbúrò rẹ."

Ọkọ mi ní, "Màmá, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ta ló ní ìwọ ni? Ṣé ẹni tó bá ṣẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ ni? Nígbà tí o fọ́ fèrèsé ilé kéú lọ́mọdé, ta ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún àfáà? Ṣé kì í ṣe bàbá rẹ ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò parọ́. Bí ọmọ ilé kan bá ṣẹ̀, àgbà ilé ló ń lọ bẹ̀bẹ̀, "a ti jẹ̀bi" ló sì ń wí, kì í wí pé "ó ti jẹ̀bi". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nílé bàbá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nílé tiyín. Èmi náà kò bá a jiyàn. Mo wé gèlè mi, mo tẹ̀ lé ọkọ mi.

Orí ilẹ̀ gbígbóná níbi tí wọ́n ń sá kajú sí ló na ara rẹ̀ lé gbọọrọ. Èmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ dákun, a ti jẹ̀bi. Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá. Ẹ fi ojú àánú wò wá, ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ìjọba." Alhaji jókòó sórí àga, wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú rẹ̀. Ẹnìkan nínú àwọn ará ilé na fóònù sí wa, ó ń ká a sí fídíò. Ọkọ mi kò tíì dìde nílẹ̀ tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi dé. Àṣé wọ́n ti ránṣẹ́ pè wọ́n kí a tó dé, dídọ̀bálẹ̀ wa ni wọ́n fi ń dá wa dúró.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá ni Ìyá ti lọ bá a. Ojú mi ló ṣe. Ó tú ìró àyà rẹ̀, ó fa ọmú yọ lójú ayé, ó ní bó bá jẹ́ pé ọmú yìí ni Múyìíwá mu, kó má dárúkọ àbúrò rẹ̀. Ó ní kó sọ pé wọ́n jí ọ̀kadà gbé ní iwájú ilé ni. Ọmọ wo ló ń ré ọmú ìyá rẹ̀ kọjá? Ohun tó sì sọ nìyẹn ní kóòtù gíga, pé wọ́n jí i gbé. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú òun níbẹ̀, wọ́n á tú òun sílẹ̀. Ọkọ mi kàwé, ṣùgbọ́n kò gbọ́n.

Wọ́n tan fídíò yẹn, gbogbo kóòtù gbọ́ ọ bó ṣe ń wí pé a ti jẹ̀bi. Adájọ́ wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò ṣe?" Ọmọ Yorùbá ni adájọ́ náà o, ilà pélé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun náà á ti dọ̀bálẹ̀ rí nítorí ọ̀ràn tí ẹlòmíràn dá. Ó mọ̀ dáadáa. Ó ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un.

Ìyá ṣubú lulẹ̀ ní kóòtù, ó ń yí gbiri, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń bá a sunkún. Mo dúró tì í, mo ń wò ó. Mi ò gbé e dìde.

Ẹnìkan ló júwe Lóyà Fọládé fún mi ní Òṣogbo. Obìnrin ni, kò dàgbà jù mí lọ. Ó ka gbogbo ẹjọ́ náà tán, ó ní a lè gbé e lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló fẹ́ pa ọkọ mi, ọ̀kadà yẹn àti ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ó ní àfi kí ẹni tó mọ̀ búra, kó sọ ẹni tó gbé ọ̀kadà lọ àti ẹni tó rán ọkọ mi níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Mo ní èmi á búra.

Ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Kaothar, ìyàwó lè parọ́ nítorí ọkọ, wọn ò ní ka tiyín sí. Ìyá wọn ni mo fẹ́. Ìyá tó bá fẹnu ara rẹ̀ fi ọmọ kan lélẹ̀ nítorí èkejì, adájọ́ wo ni kò ní gbà á gbọ́? Bí kò bá búra, mi ò ní tàn yín, wọ́n á pa á."

Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Mo ní Abdulquadri ti wà ní ẹ̀yìn bodè, ta ló fẹ́ lọ mú un ní Kùtọnu. Ó ní, "Lateefat, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Mo ní, "Màmá, èwo wá ni ẹkùn ń pa jẹ lọ́wọ́ báyìí?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Múyìíwá ní sùúrù. Ọlọ́run wà pẹ̀lú onísùúrù. Èyí àbúrò kò ní sùúrù, bó bá fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀wọ̀n, á kú síbẹ̀." Mo dìde kúrò níwájú rẹ̀ kí n má baà ṣe é léṣe. Ẹ bá mi gbọ́ o. Torí pé ọkọ mi kì í bínú, òun ni kí wọ́n so rọ̀.

Mo lọ sọ fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ó ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó ní bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn irin láàárọ̀, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló máa ń dákẹ́, wọ́n á máa retí orúkọ ẹni tí wọ́n á pè. Mo sọ gbogbo ohun tí Ìyá wí fún un, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Mo fẹ́ kó dùn ún.

Ó wá ní, "Lọ sọ fún un pé Abdulquadri ti kú."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí iṣẹ́ ìṣirò kò yé, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. "Ní Kùtọnu. Ara rẹ̀ ló gbóná. Mùsùlùmí ni, wọ́n ti sin ín lọ́jọ́ náà. Màmá kò ní ní kí wọ́n gbé òkú wá. Kò sì ní béèrè sàréè, torí pé ìyá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Bàbá Ọládépò ni kó lọ sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ìwọ. Sọ fún bàbá náà pé wọ́n pè ọ́ lórí fóònù láti Kùtọnu."

Bàbá Ọládépò ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, àgbà ilé.

Mo ní, "Bàbá Kaothar, ìyá yín mà ni."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmú rẹ̀ ni mo mu."

Ọkùnrin tó fẹ́ mi kọ́ ló sọ̀rọ̀ yẹn. Èyí tó fẹ́ mi kò lè lé adìẹ jáde nílé láì bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń wo ojú fèrèsé ọkọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, mo sì mọ̀ pé màá jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

Bàbá Ọládépò gbà mí gbọ́, ó sunkún, ó lọ mú àgbà kan dání kí wọ́n jọ lọ bá Ìyá, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yí i ká, wọ́n sọ ti àwọn tó ti kú ṣáájú, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń fúnni tó sì ń gbà. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, ó ti mọ̀. Kò lọgun. Ó ní, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Àwọn àgbà kọjú sí mi. Mo ní àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n wẹ̀ ẹ́.

"Ṣé aṣọ tí wọ́n fi sin ín nípọn?"

Aránṣọ ni mí. Mo dárúkọ aṣọ náà fún un, mo ní tẹ́tẹ́rọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́, òwú funfun gidi ni, mo ní wọ́n wé e káàkiri. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Obìnrin náà mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù." Kò béèrè sàréè. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe wí ló rí.

Wọ́n ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ fún Abdulquadri. Àfáà wá, wọ́n ka Kùránì, a pín ẹ̀kọ àti àkàrà. Èmi ni mo dín àkàrà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá fúnra rẹ̀ pè mí, ó ní, "Mú mi lọ bá lóyà yín. Òkú kì í ṣẹ̀wọ̀n." Ní Òṣogbo, ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dárúkọ Abdulquadri. Ó sọ ti ọ̀kadà, ó sọ ti àpò, ó sọ bí òun ṣe rán Múyìíwá lọ dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú Lóyà Fọládé. Èmi wo ilẹ̀.

Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kò ṣe kíá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ wa. Wọ́n gba ìbúra Ìyá wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà ní ẹni tó bá gbé láàárín Yorùbá mọ̀ pé aláìṣẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, pé ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀. Nígbà tí a ń jáde, lóyà sọ fún mi pé ọlọ́pàá ti kọ orúkọ àbúrò sílẹ̀, pé àwọn kò ní gbà pé ó kú àfi tí àwọn bá rí ẹ̀rí. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú, ṣebí òkú ni.

Ìyá ti kéré nígbà tí ọkọ mi máa fi dé. Kì í jẹun mọ́, tẹ̀sùbáà ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ dé, àbúrò rẹ lọ." Mo dúró kí ọkọ mi sọ fún un. Kò sọ. Nígbà tí a wọ yàrá, mo ní, "Ẹ lọ sọ fún un. Ó ti parí."

Ó ní, "Kí ló parí?"

Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Ìyá ń tọrọ Àlùjánnà fún Abdulquadri. Ọkọ mi á jókòó tì í, á máa ṣe "Àmín". Ohùn rẹ̀ kì í mì. Àwọn àlejò á ní ẹ wo ọmọ gidi, ẹ wo ẹ̀gbọ́n rere. Èmi kì í lè dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo fẹ́ la ẹnu, ó wò mí, mo sì gbé ẹnu mi dé. Ẹ má bi mí ní ohun tó wà lójú rẹ̀.

Ìròyìn a máa rìn. Ẹnìkan lọ sọ fún Abdulquadri ní Kùtọnu pé wọ́n ti tú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀, òun náà wá rò pé ọ̀rọ̀ ti tutù. Kò mọ̀ pé a ti sin òun. Ọ̀sán gangan ló sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní iwájú ilé wa, ó sanra, ó gbé báàgì aṣọ tó rà fún ìyá rẹ̀ dání. Ìyá wà lórí ẹní. Ó wò ó, kò sá, kò lọgun. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n rán wá mú mi?"

Abdulquadri rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi ni o. Mo ti dé."

Àwọn ará ilé kejì ti ń sá, wọ́n ń kígbe àkúdàáyà. Ìyá kò sá. Ó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó kan imú rẹ̀, ó gbá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, ó wá fa orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Mi ò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí, kò sì wù mí kí n tún gbọ́ ọ. Ariwo àkúdàáyà yẹn náà ló gbé ọ̀rọ̀ dé etí ọlọ́pàá. Ó ṣì ń mu omi tí ìyá rẹ̀ bù fún un nígbà tí wọ́n dé.

Ọ̀gá wọn béèrè lọ́wọ́ Ìyá pé, "Màmá, ṣé Abdulquadri yín nìyí?"

Ó ní rárá. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Báàgì aṣọ náà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lára ọmọ náà, kò lè mú un kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá náà ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ fi Kùránì búra pé òun ló ṣe é." Ìyá ní òkú ni òun búra lé lórí. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Abdulquadri lọ́wọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń bi í pé kí ló sọ nípa òun. Wọ́n gbé e lọ.

Ìyá yí padà. Ọkọ mi jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń bó èèpo rẹ̀ sínú àwo kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí. Ìyá wò ó, ó wá wò mí, mo mọ̀ pé ó ti yé e. Kò bú wa. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí, ó ní, "Múyìíwá, dákun. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n. Lọ bá mi bẹ Alhaji. Lọ dọ̀bálẹ̀, kí o ní a ti jẹ̀bi."

Ọkọ mi gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́. Ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi dá a lóhùn, jẹ́jẹ́.

"Màmá, ta ló ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò ṣe?"

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìró àyà rẹ̀. Kò tètè tú. Kó tó fa ọmú náà yọ, ọkọ mi ti dìde, ó gbé àwo ẹ̀pà rẹ̀, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Èmi nìkan ló kù tí Ìyá lè na ọmú sí, ó sì nà án sí mi, ó ń wò mí. Mo fa aṣọ rẹ̀ bò ó. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù.